Oògùn Ara Ríro àti Sẹ́ẹ̀lì Tí Ń Mọ Egungun: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ti fi hàn pé ó ṣe é ṣe láti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè kì í ṣe bóyá ọ̀rọ̀ wà nínú èdè náà mọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ èyí tí yóò gbé ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kà á láìjẹ́ pé ó dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àpilẹ̀kọ yìí mú ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú ìmọ̀ ìṣègùn òde òní, ìyẹn bí àwọn oògùn ara ríro tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣe ń nípa lórí sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń tún egungun mọ, ó sì yẹ àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí ẹ̀ka náà kò lè ṣe aláìní wò.

Gbólóhùn tí ó bí àyẹ̀wò yìí kò gùn rárá. Ohun tí àwọn ìwé ìṣègùn ń sọ ni pé oríṣi oògùn ara ríro kan lè fa ìsopọ̀ egungun tí ó kán sẹ́yìn, nítorí pé ó ń dín iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kù. Ìtumọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí olùtumọ̀ lẹ́nu ni èyí: "Oògùn ìrora kì í jẹ́ kí egungun tí ó kán jinná." Yorùbá tí ó já gaara ni, kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ ni. Ẹni tí itan rẹ̀ kán nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, tí ó sì gba gbólóhùn yìí gbọ́, yóò da paracetamol tí wọ́n fún un nù, yóò sì máa jẹ̀rora mọ́jú, bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn kọ́ ni ìwé náà ń bá wí. Ní ìdà kejì, ẹni tí ó ń lo Alábùkún lójoojúmọ́ kò ní fura pé ọ̀rọ̀ náà kan òun, nítorí pé "oògùn ẹ̀fọ́rí" ni òun ń pè é. Aspirin pẹ̀lú kaféènì ni ó wà nínú ìyẹ̀fun náà, èyí tí Jacob Sogboyega Odulate gbé jáde ní Abẹ́òkúta ní 1918. Aspirin sì wà lára àwọn tí ìwé ń kìlọ̀ nípa wọn.

Orírun, Kì í Ṣe Ìtì

Sẹ́ẹ̀lì ti di ọmọ onílé nínú èdè Yorùbá, kò sì sí ìdí láti máa wá òmíràn. Ọ̀rọ̀ tí yóò yán an ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò bá igi ewéko pàdé níbẹ̀, yóò sì kọ "sẹ́ẹ̀lì ìtì" tàbí "sẹ́ẹ̀lì igi". Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá kò gba ìtumọ̀ yẹn láyè. Ernst Haeckel, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ lo Stammzelle ní 1868. Igi tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe igi oko, igi ìdílé ni, èyí tí àwọn ará Yúróòpù máa ń yà sínú ìwé láti fi hàn ẹni tí ó bí baba ẹni. Ìran ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, ọ̀rọ̀ ìran kì í sì í wọ́n lẹ́nu Yorùbá.

"Sẹ́ẹ̀lì ìyá" dùn létí, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì yòówù tí ó bá pín sí méjì ni ó lè jẹ́ orúkọ yẹn. "Sẹ́ẹ̀lì èèbù" sún mọ́ òtítọ́ jù ú lọ, nítorí pé lára iṣu ni àgbẹ̀ ti ń gé èèbù tí yóò tún di iṣu. Àléébù tirẹ̀ ni pé èèbù iṣu kì í hu ohun mìíràn ju iṣu lọ. Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ kàn yìí ní ìwà méjì: ó lè bí irú ara rẹ̀, ó sì lè bí ọmọ tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀ àti sí ti ara wọn. Nínú mùdùnmúdùn egungun, oríṣi kan wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ lè di sẹ́ẹ̀lì tí ń mọ egungun, tàbí sẹ́ẹ̀lì egungun rírọ̀ bí èyí tí ó wà ní etí, tàbí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá. "Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀" náà kò burú, àmọ́ ìpìlẹ̀ ilé kì í kúrò lójú kan, kì í sì í bímọ. "Orírun" ni ó kó ìwà méjèèjì pọ̀. Láti orírun kan náà ni alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti onílù ti lè jáde, orírun náà kò sì tán nítorí pé wọ́n jáde. "Sẹ́ẹ̀lì orírun" ni àpilẹ̀kọ yìí gbà.

Kí olùtumọ̀ tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà le má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi jù, nítorí pé àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ oríṣi ti mùdùnmúdùn yìí. Ní àwọn ọdún 1960, Alexander Friedenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Soviet Union fi hàn pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀, mùdùnmúdùn ní àwọn mìíràn tí ó lè mọ egungun bí wọ́n bá gbìn wọ́n sí ibòmíràn nínú ara ẹranko. Ní 1991, Arnold Caplan ní Amẹ́ríkà sọ wọ́n ní orúkọ tí gbogbo ayé gbà, tí ìkékúrú rẹ̀ jẹ́ MSC. Ní 2006, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tí ń fi sẹ́ẹ̀lì ṣe ìwòsàn gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún ohun tí ó tó jẹ́ orúkọ náà: kí ó lè lẹ̀ mọ́ ike tí wọ́n ń tọ́ ọ sí, kí ó ní àwọn àmì kan lára, kí ó má sì ní àwọn mìíràn, kí ó sì lè di egungun, egungun rírọ̀ àti ọ̀rá nínú ilé àyẹ̀wò. Paolo Bianco ará Ítálì ta kò ó. Ó ní orúkọ náà fẹ̀ ju ohun tí ẹ̀rí gbè lọ, pé ti egungun ni kí wọ́n máa pè é. Nígbà tí ó di 2017, Caplan fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n pa orúkọ tí òun sọ ọ́ tì, nítorí pé fífi ìránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe jù nínú ara. Kò pọn dandan kí Yorùbá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì wọ inú igbó tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń wá ọ̀nà jáde nínú rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mọ́ egungun títún mọ, "sẹ́ẹ̀lì orírun egungun" tó.

Ọmọ rẹ̀ tí ń mọ egungun ni "sẹ́ẹ̀lì amọ-egungun", láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú "mọ ilé" àti "mọ ìkòkò". Èyí tí ń jẹ egungun ògbólógbòó kúrò ni "sẹ́ẹ̀lì ajẹ-egungun". Àwọn méjì yìí kò ní wàhálà.

Ara Tí Ó Dìde

Bí egungun bá kán, ẹ̀jẹ̀ á dà sí ojú ibẹ̀, á sì dì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibẹ̀ á wú, á gbóná, á pọ́n, á sì máa ro ẹni náà. Lẹ́yìn èyí, egungun rírọ̀ á hù yí ojú ibẹ̀ ká bí kókó tí ń yọ lára igi tí àdá bá. Kókó náà á le di egungun, àwọn ajẹ-egungun àti amọ-egungun á sì máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, títí tí yóò fi sún mọ́ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀.

Ìpele àkọ́kọ́, ti wíwú àti gbígbóná, ni ó ń ṣi olùtumọ̀ lọ́nà. Ní ọ̀rúndún kìíní, Celsus ará Róòmù ka àmì rẹ̀ sí mẹ́rin: pípọ́n, wíwú, gbígbóná àti ríro. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó jẹ mọ́ iná ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ tí ó fún un. Àwọn tí ń kọ Yorùbá sábà máa ń pè é ní "wíwú". Ọ̀kan péré nínú àmì mẹ́rin ni wọ́n mú yẹn. Ẹsẹ̀ aboyún a máa wú nítorí omi tí ó dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. "Kíkẹ̀" jẹ́ ti egbò tí kòkòrò àrùn ti wọ̀, egungun tí ó kán tí awọ ara kò sì ya kì í kẹ̀. "Ìgbóná" ni ó léwu jù, nítorí pé yàtọ̀ sí ibà, òun ni orúkọ tí àwọn àgbà fi ń pe ṣọ̀pọ̀ná. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìlera yóò dẹ́rù ba àwọn àgbàlagbà láìnídìí.

Ohun tí ó burú jù nínú gbogbo wọn ni pé orúkọ àìsàn ni wọ́n, ohun tí ó yẹ kí oògùn lé lọ kíákíá. Nínú egungun tí ó kán, ìpè ni ó jẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní ojú ibẹ̀ a máa ṣe ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní COX-2. Ẹ́ńsáìmù yìí a máa fi ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì ṣe èròjà tí ń jẹ́ pùrósítàgílándìn, èyí tí oríṣi rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù níhìn-ín ni E2. Òun ni ó wà lára ohun tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì orírun egungun pé àsìkò tó láti di amọ-egungun. Èròjà kan náà ni ó sì ń mú kí iṣan-ìmọ̀lára tètè gbọ́ ìrora. Ibi tí ìrora ti ń wá àti ibi tí ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà síra.

Nítorí ìdí èyí, ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá ni "ìdìde-ara". Ará ilé a máa dìde nígbà tí igbe bá ta lóru. Bí wọ́n bá dìde ní ìwọ̀n, wọn a lé olè, wọn a tún ilẹ̀kùn kàn. Bí wọ́n bá dìde ju bí ó ti yẹ lọ, wọn a fọ́ ohun tí olè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yin ohun náà, kò sì bú u. Ènìyàn lè fi sọ pé ìdìde-ara ni ó tún egungun ṣe, ó sì lè fi sọ pé àpọ̀jù ìdìde-ara ni ó ń ba oríkèé jẹ́, kí méjèèjì sì jẹ́ òtítọ́.

Ní ti pùrósítàgílándìn, kí ó dúró bí ó ti wà. Ulf von Euler ará Sweden ni ó sọ ọ́ ní orúkọ náà ní àárín àwọn ọdún 1930, nítorí pé ó rò pé láti inú ẹṣẹ́ kan tí ọkùnrin nìkan ní ni ó ti ń jáde. Wọ́n wá rí i lẹ́yìn náà pé káàkiri ara ni wọ́n ti ń ṣe é, lára ọkùnrin àti obìnrin. Ẹni tí ó bá tú orúkọ náà sí Yorùbá ní ẹyọ-ẹyọ yóò kàn bá Gẹ̀ẹ́sì gbé àṣìṣe rẹ̀ ni.

Oògùn Tí Kò Jọra

"Oògùn ara ríro" yẹ kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbogbòò, nítorí pé òun ni ó wà lẹ́nu ènìyàn. Lábẹ́ rẹ̀, ìdílé mẹ́ta gbọ́dọ̀ dá dúró. Èkínní ni "adín-ìdìde-kù": aspirin, ibuprofen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969, diclofenac, indomethacin àti celecoxib. Èkejì ni paracetamol, tí ń dín ìrora àti ibà kù ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ lórí ìdìde-ara kéré. Ẹ̀kẹta ni ìdílé morphine, tí codeine àti tramadol jẹ́ ọmọ rẹ̀, èyí tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára páálí rẹ̀. Aláìsàn ni yóò fi ìwé wé páálí, kò sì yẹ kí ẹwà àkọtọ́ ṣi í lọ́nà.

John Vane ni ó tú àṣírí ìdílé kìíní ní London ní 1971, nígbà tí ó fi hàn pé aspirin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara ṣe pùrósítàgílándìn bí ó ti yẹ. Òun, Sune Bergström àti Bengt Samuelsson ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n wá mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù náà jẹ́ méjì, COX-1 tí ń dáàbò bo ikùn, àti COX-2 tí ó máa ń pọ̀ sí i níbi tí ara bá ti farapa.

Ní 2002, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde jáde tí ó mú kí àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun dá etí sí i. Èkínní rí i pé egungun eku tí ó kán, tí wọ́n sì ń fún ní celecoxib tàbí rofecoxib, kò so pọ̀ bí ó ti yẹ. (Wọ́n kó rofecoxib kúrò lórí àtẹ ní 2004 nítorí ewu rẹ̀ fún ọkàn.) Èkejì lo eku tí a bí láìní COX-2. Nígbà tí wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn wọn sínú àwo, egungun tí ó mọ kò tó nǹkan. Wọ́n wá da pùrósítàgílándìn E2 sí i, ó sì ń mọ egungun. Àbùkù náà kì í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì, ìpè ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí nìkan tó ìdí láti má ṣe kọ ọ́ ní Yorùbá pé oògùn náà "ń pa" sẹ́ẹ̀lì orírun, bí àwọn kan ti lè fẹ́ kọ ọ́.

Ní 2005, wọ́n fi paracetamol wé celecoxib lára eku. Celecoxib ni ó ba ìsopọ̀ jẹ́, ti paracetamol kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2007, ẹgbẹ́ mìíràn fún eku ní irú oògùn ìdílé kìíní fún ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 21, wọ́n sì dá a dúró. Ìsopọ̀ falẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 35, àwọn eku náà ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò lò ó.

Lára ènìyàn, ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àbájáde kan tí ó jáde ní 2003 yẹ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ihò ìbàdí fún wò, tí egungun gígùn wọn mìíràn sì tún kán. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní indomethacin kí egungun má bàa hù níbi tí kò yẹ, ìpín 26 nínú 100 ni egungun gígùn wọn kò so pọ̀. Ti àwọn tí kò lò ó jẹ́ 7 nínú 100. Ṣùgbọ́n ìwádìí lára àwọn ọmọdé tí wọ́n lo ibuprofen fún ìgbà díẹ̀ kò rí irú ewu bẹ́ẹ̀. Ní 2011 ẹ̀wẹ̀, àbájáde kan wá láti ara eku tí ó dà bí ẹni pé ó ta ko gbogbo ìyókù. Nígbà tí wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì orírun sí ihò tí ó wà ní agbárí eku, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara kò jẹ́ kí ó ráyè ṣiṣẹ́. Wọ́n fi aspirin sí ojú ibẹ̀ gan-an, egungun sì hù dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìtakora kò sí níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá lo "ìdìde-ara", nítorí pé níhìn-ín ó ti pọ̀ jù. Ẹni tí ó kọ "wíwú" kò ní ọ̀nà kankan láti ṣàlàyé rẹ̀.

"Lè" àti "Kì Í Jẹ́ Kí"

Àtúnṣe ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan kò gba gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn là. "Kì í jẹ́ kí" jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo, fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò gbè é. "Lè" ni ó gbè, ọ̀rọ̀ yẹn kékeré sì ni olùtumọ̀ tí ó ń wá gbólóhùn tí ó dùn máa ń kọ́kọ́ gé dànù. "Fa sẹ́yìn" pẹ̀lú yàtọ̀ sí "dá dúró". Egungun tí ó falẹ̀ ṣì ń bọ̀, èyí tí ó dúró ni dókítà yóò tún ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà lára rẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ eku, kí eku wà nínú gbólóhùn. Àìkọ ọ́ sí i ni ó ń sọ àyẹ̀wò eku di òfin fún ènìyàn.

Ìtumọ̀ tí ó yẹ kí ó rọ́pò ti àkọ́kọ́ nìyí: "Àwọn oògùn ara ríro tí ó jẹ́ adín-ìdìde-kù lè fa ìsopọ̀ egungun tí ó kán sẹ́yìn, pàápàá bí aláìsàn bá lò wọ́n pẹ́, nítorí pé wọ́n ń dín ìpè tí ń sọ sẹ́ẹ̀lì orírun di amọ-egungun kù. Paracetamol kò sí lára wọn." Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ní ilé ìwòsàn, ó yẹ kí orúkọ aspirin, ibuprofen àti diclofenac tẹ̀ lé "adín-ìdìde-kù" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi kún un pé kí aláìsàn bi dókítà rẹ̀ kí ó tó dá oògùn tí wọ́n kọ fún un dúró. Ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn, tí ó sì ń lo aspirin nítorí kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, kò gbọdọ̀ ti inú ìwé pélébé gba àṣẹ láti jáwọ́.

Ó ku ti àwọn òǹtẹ̀wé. Bí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìfi àmì ohùn sí i, kò sí ohun tí ó lè fi egungun tí ó wà nínú ẹsẹ̀ hàn yàtọ̀ sí egúngún tí ń ti ìgbàlẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka "sẹ́ẹ̀lì amọ-egungun" ní ojú ewé tí kò ní àmì yóò ní láti kọ́kọ́ dá ohùn rẹ̀ mọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tirẹ̀.